Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá kọ́míìkì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín lówó lórí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Heritage Auctions ní Texas lu ìwé kọ́míìkì kan ní gbàǹjo, owó tó wọlé lórí rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 9.12 dọ́là. Superman nọ́ńbà 1 ni, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi sẹ́ńtì mẹ́wàá rà lọ́dún 1939. Òkè àjà ilé ìyá kan tó ti dolóògbé ní California ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti rí i, nínú páálí, tí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Irú ìròyìn báyìí máa ń mú kí èèyàn dìde lọ tú páálí. Ó dáa, ẹ tú u. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́míìkì àtijọ́ kò tó owó ọkọ̀ tí ẹ máa fi gbé e lọ tà. Pé ìwé kan ti pẹ́ láyé kò sọ ọ́ di olówó iyebíye. Ohun mẹ́ta ló ń gbé owó lé e: ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, iye ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé, àti bí ara èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣe dá ṣáṣá tó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó náà yóò já wálẹ̀. Kọ́míìkì Amẹ́ríkà ni mo máa fi ṣe àlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni ọjà rẹ̀ ti gbóná. Mo máa dé orí ti Bìrìtéènì àti ti Nàìjíríà náà.

1. Ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a

Wákàtí àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọwọ́ ara wọn ba ọjà wọn jẹ́. Wọ́n rí ibi tó ya, wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Wọ́n rí orúkọ tí ọmọdé kan fi pẹ́ńsùlù kọ sí i, wọ́n fi ìrésà pa á rẹ́. Wọ́n rí i pé ó ti ká kò, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Gọ́ọ̀mù ara sẹ́lótéèpù máa ń wọ inú ìwé lọ, á sì di àbàwọ́n tí kò ní kúrò mọ́. Ìrésà máa ń bó àwọ̀ ara èèpo. Ní ti ẹni tó gbé e lọ fún àwọn tó ń láminéètì ìwé, kò sí ohun tí a tún lè ṣe fún un.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ìbọ̀wọ́ kò pọn dandan. Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ sàn ju ìbọ̀wọ́ òwú tó lè kọ́ etí ìwé tó ti gbẹ. Ẹ tẹ́ kọ́míìkì náà sórí tábìlì tó mọ́, kí ife tíì tàbí ìgò omi má ṣe sí nítòsí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ má ṣí i gbayawu. Ẹ ṣí i níwọ̀n tí ojú yín á fi rí inú rẹ̀. Ẹ tú rọ́bà tí wọ́n fi dì wọ́n pọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bí rọ́bà náà bá ti lẹ̀ mọ́ èèpo, ẹ má fà á.

2. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní inú rẹ̀

Nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, tàbí ní inú èèpo iwájú, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ wínníwínní kan tí ọmọdé kì í kà: orúkọ ìwé náà, nọ́ńbà rẹ̀, oṣù àti ọdún, orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde àti àdírẹ́sì wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju èèpo lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí oṣù ara èèpo bá sì yàtọ̀ sí ìgbà tí ìwé náà dé ọjà, kò sí wàhálà: àṣà wọn ni láti kọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣíwájú kó lè pẹ́ lórí àtẹ. Action Comics nọ́ńbà 1, èyí tí Superman ti kọ́kọ́ yọjú, ní oṣù kẹfà ọdún 1938 lára, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin ló ti wà lọ́jà.

Àtúntẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Lọ́dún 1974, ilé iṣẹ́ DC tún Action Comics nọ́ńbà 1 yìí tẹ̀ ní ìwé fàkìàfakia, wọ́n sì fi èèpo líle mìíràn bò ó lóde. Bí ẹnì kan bá ya èèpo òde yẹn dànù, ohun tó kù sínú jọ ti 1938 tòun ti iye sẹ́ńtì mẹ́wàá tó wà lára rẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì ti fi gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Rúlà ló ń tú u fó. Ojúlówó náà kò ju nǹkan bí ínǹṣì mẹ́jọ lọ ní ìbú, kò sì ju nǹkan bí mẹ́wàá àbọ̀ lọ ní gígùn. Àtúntẹ̀ yẹn fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́wàá, ó sì gùn tó mẹ́tàlá àbọ̀. Láìpẹ́ yìí náà, DC àti Marvel, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì mìíràn, ń tẹ àwọn ẹ̀dà tó jọ ti àtijọ́ láti èèpo dé ìpolówó ọjà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye owó òde òní àti bákóòdù tó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wínníwínní inú, máa ń sọ òótọ́.

Bí nǹkan kò bá yé yín, ẹ lọ sí Grand Comics Database lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sí i, àwòrán èèpo àti ọdún á jáde, ẹ ó sì fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

3. Ẹ wo ọdún rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dà

Àwọn tó ń kó kọ́míìkì jọ ti pín ìgbà. Láti 1938 títí di nǹkan bí 1956 ni wọ́n ń pè ní Ìgbà Wúrà. Ìgbà Fàdákà tẹ̀ lé e títí di nǹkan bí 1970, Ìgbà Idẹ sì bá a lọ títí di àárín àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn ìyẹn, òde òní ni gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí ti Ìgbà Wúrà fi wọ́n ni pé gbogbo ayé ló pawọ́ pọ̀ pa wọ́n run. Nǹkan bí 200,000 ẹ̀dà Action Comics nọ́ńbà 1 ni wọ́n tẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni àwọn onímọ̀ rò pé ó ṣẹ́ kù. Ọmọdé ló ń ra kọ́míìkì nígbà náà, wọ́n á kà á, wọ́n á ká a sápò, wọ́n á yá ẹlòmíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn aráàlú kó ìwé àlòkù wá fún iṣẹ́ ogun, àwọn ọmọdé sì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o jọ láti ojúlé dé ojúlé. Kọ́míìkì bá a lọ. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ kan ń dáná sun wọ́n ní gbangba pé wọ́n ń ba ọmọ jẹ́. Lọ́dún 1954, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà, àwọn ilé iṣẹ́ kọ́míìkì sì gbé òfin tí wọ́n fi máa ṣọ́ ara wọn kalẹ̀ kí ìjọba má baà ṣe é fún wọn. Bí a bá wá fi ìyá tó ń gbálẹ̀ yàrá ọmọ rẹ̀ kún un, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló yè.

Ẹ wá fi ìyẹn wé àwọn ọdún 1990. Nígbà náà, ìròyìn ti kàn pé kọ́míìkì àtijọ́ ń di owó ńlá, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á pa mọ́. X-Men nọ́ńbà 1 ti 1991 jáde pẹ̀lú oríṣi èèpo márùn-ún, ẹ̀dà tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ ló sì jáde. Lọ́dún 1992, nígbà tí wọ́n ní Superman kú nínú nọ́ńbà 75, wọ́n fi ọ̀rá dúdú dì í, àwọn èèyàn sì tò gba iwájú ilé ìtajà. Ọ̀pọ̀ kò já ọ̀rá náà títí dòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ló wà láàyè, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Ọjà náà dà rú débi pé ilé iṣẹ́ Marvel fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù ní oṣù kejìlá ọdún 1996 láti kéde pé àwọn ti jẹ gbèsè. Nítorí náà, bí páálí yín bá jẹ́ kìkì ọjà 1990 sí 1996, kí ẹ má ṣe tíì ná owó náà lọ́kàn yín. Àwọn díẹ̀ wà nínú wọn tó lówó lórí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pariwo jù pé ẹ wá rà ni kì í sábà tó nǹkan.

4. Ta ló kọ́kọ́ yọjú nínú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ju gbogbo ìbéèrè lọ. Ohun tí olùrà ń wá ni ìwé tí akọni kan ti kọ́kọ́ fara hàn. Jerry Siegel àti Joe Shuster, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Cleveland, ló dá Superman sílẹ̀; 130 dọ́là ni wọ́n gbà fún ìtàn náà àti ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀. Batman tẹ̀ lé e ní Detective Comics nọ́ńbà 27, lọ́dún 1939. Spider-Man yọjú ní Amazing Fantasy nọ́ńbà 15 lọ́dún 1962. Ẹ̀dà kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wọ mílíọ̀nù 3.6 dọ́là ní gbàǹjo lọ́dún 2021.

Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé náà. Kò sí èyí tó ń jẹ́ Superman, Batman tàbí Spider-Man nínú wọn. Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń fo ọ̀pọ̀ nǹkan: akọni sábà máa ń ti inú ìwé ẹlòmíràn wọlé. Black Panther, ọba Wakanda, inú Fantastic Four nọ́ńbà 52 ti 1966 ló ti kọ́kọ́ fara hàn. Ẹni tó ń wá kìkì ìwé tí wọ́n kọ Black Panther gàdàgbà sí á gbé nọ́ńbà 52 yẹn sí apá kan bí ìwé yẹpẹrẹ. Torí náà, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà àwọn tí èèpo wọn kò jọ nǹkan kan.

Àríyànjiyàn tún wà nípa ohun tó ń jẹ́ àkọ́kọ́. Wolverine fara hàn ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn Incredible Hulk nọ́ńbà 180, lọ́dún 1974. Nọ́ńbà 181 ló ti wá jà látòkèdélẹ̀. Ọjà ti yan 181, òun ló sì wọ́n ju 180 lọ fíìfíì. Mo rò pé ọjà náà tọ̀nà. Ẹni tó kàn yọ orí lójú fèrèsé kò tíì wọlé.

Fíìmù náà ń da ọjà rú. Bí wọ́n bá kéde pé wọ́n fẹ́ fi akọni kan ṣe fíìmù, owó ìwé rẹ̀ á fò sókè, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tí fíìmù bá ti jáde. Ẹni tó fẹ́ tà, ìgbà ìkéde ló dáa. Ẹni tó fẹ́ rà, kó fara balẹ̀.

5. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò láti etí dé etí

Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ mú ìwé àti gègé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 0.5, ìyẹn èyí tó ti di àkísà, títí dé 10.0 tí kò ní àbùkù kankan. Kọ́míìkì àtijọ́ tó bá dé 9.0 ti ṣe bẹbẹ. Ìyàtọ̀ ìdá díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yìí lè sọ owó di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta lórí ìwé tó gbajúmọ̀, pàápàá bó bá ti sún mọ́ òkè.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé náà po tí píìnì sì wà. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìlà funfun tínínrín tó dábùú ibẹ̀ jẹ́ ibi tí àwọ̀ ti ṣẹ́; ẹ kà wọ́n. Píìnì méjèèjì ńkọ́? Bó bá ti dógùn-ún, ìpẹtà rẹ̀ á ti ràn mọ́ ìwé. Ṣé èèpo ṣì di píìnì mú, àbí ó ti já lọ́kan? Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n ṣì mú, ẹ wo ibi tí èèyàn ti ká ìwé rí. Ìlà tí kò ba àwọ̀ jẹ́ fúyẹ́. Ìlà tó ti bó àwọ̀ wúwo.

Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé inú. Ìwé olówó pọ́ọ́kú bíi ti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń tẹ kọ́míìkì nígbà náà, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú. Funfun ló dára jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni aláwọ̀ wàrà, lẹ́yìn ìyẹn ni aláwọ̀ ilẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ń rún bíi gúgúrú bí ẹ ṣe ń ṣí i, ẹ pa á dé, ẹ má ṣí i mọ́.

Ẹ wá ka ewé rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 wá, èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́míìkì Amẹ́ríkà ní ojú ewé 32 nínú, láìka èèpo mọ́ ọn. Ewé àárín ló máa ń já bọ́ sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ tún wo bóyá wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀: fọ́ọ̀mù ìpolówó, kúpọ́ọ̀nù, àwòrán. Láàárín àwọn ọdún 1970, Marvel ń tẹ àwòrán kékeré bíi sítáàmpù sínú ìwé wọn pé kí ọmọdé gé e lẹ̀ mọ́ ìwé mìíràn. Hulk nọ́ńbà 181 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀kan nínú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbọ́ràn, wọ́n gé e, ihò kékeré yẹn sì ń jẹ olówó rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lónìí. Èèpo lè máa dán yinrin kí ihò wà nínú, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ra 181 láìwo inú ń fi owó rẹ̀ ṣeré.

Ìkọ̀wé lórí èèpo ńkọ́? Déètì kékeré tí òǹtajà fi pẹ́ńsùlù kọ kì í bí àwọn olùrà nínú. Orúkọ tí wọ́n fi gègé kọ gàdàgbà ń dín in kù. Ìfọwọ́sí ayàwòrán tàbí òǹkọ̀wé rẹ̀ gan-an lè gbé owó sókè, bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé òun ló fọwọ́ sí i. Láìsí ẹ̀rí, ìkọ̀wé lásán ni lójú ọjà.

6. Ṣé wọ́n ti tún un ṣe rí?

Àtúnṣe lè mú kí kọ́míìkì rẹwà, àmọ́ ó ń já owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni kíkun àwọ̀: ẹnì kan á fi máákà dúdú bo ibi tó bó. Ẹ ṣí èèpo, ẹ wo ẹ̀yìn ibẹ̀. Yíǹkì á ti là á kọjá. Ìkejì ni gígé etí kó lè dà bíi pé ó mú: ìwé náà á kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á sì funfun ju inú lọ, èyí tí kò bá ìṣẹ̀dá mu, nítorí etí ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Ìkẹta ni píìnì tuntun nínú ìwé àtijọ́, tàbí èèpo tí wọ́n yọ lára ẹ̀dà kan fi sára òmíràn. Bí ẹ bá fura, ẹ sọ ọ́ fún olùrà kó tó bi yín.

7. Ọwọ́ ta ló ti wá?

Èyí kì í sábà ṣe kókó, àfi bí orúkọ ńlá bá wà níbẹ̀. Lọ́dún 1977, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Chuck Rozanski ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́míìkì tí Edgar Church kó jọ ní Colorado. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ọkùnrin náà sì ti tò wọ́n lélẹ̀ gogoro, ni ara wọn fi tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Títí dòní, ẹ̀dà tí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé ti Church ni ń gba owó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Action Comics nọ́ńbà 1 ti òṣèré Nicolas Cage náà, tí olè jí lọ́dún 2000 tí wọ́n sì rí padà lọ́dún 2011, wọ mílíọ̀nù 2.16 dọ́là lọ́dún kan náà tí wọ́n rí i. Bí ẹ bá ní rìsíìtì, lẹ́tà tàbí fọ́tò tó bá ìwé yín wá, ẹ má jù ú nù.

8. Bó bá jẹ́ Bìrìtéènì tàbí Nàìjíríà lẹ ti rí i

Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Manchester, ẹ máa rí kọ́míìkì Marvel tó ní pẹ́ńsì lára dípò sẹ́ńtì. Kì í ṣe ayédèrú, kì í sì ṣe àtúntẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n kàn pààrọ̀ iye owó fún ọjà Bìrìtéènì. Kódà Amazing Fantasy nọ́ńbà 15 ní irú rẹ̀, tí wọ́n kọ pẹ́ńsì mẹ́sàn-án sí. Ó kéré níye ju ti sẹ́ńtì lọ, síbẹ̀ àwọn olùrà Amẹ́ríkà kì í fẹ́ san tó bẹ́ẹ̀ lé e. Ojú tèmi ni pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ láìyẹ.

Ní ti kọ́míìkì Bìrìtéènì gan-an, The Dandy bẹ̀rẹ̀ ní 1937, The Beano ní 1938, láti ilé iṣẹ́ D.C. Thomson ní Dundee. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Dandy wá pẹ̀lú fèrè irin kékeré kan. Ọmọ wo ló máa fi fèrè sílẹ̀ láìfọn títí tó máa sọnù? Lọ́dún 2004, ẹ̀dà kan tí fèrè rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ wọ £20,350 ní gbàǹjo. Bí ẹ bá rí nǹkan ìṣeré kékeré nínú páálí kọ́míìkì, ẹ má dà á nù.

Nàìjíríà ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ kan ní London ṣe kọ́míìkì tó ń jẹ́ Powerman fún ọjà Nàìjíríà, akọni aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń yà á nígbà náà ni Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí àwọn méjèèjì wá di gbajúgbajà ayàwòrán kọ́míìkì ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí Powerman ti Nàìjíríà bá wà nínú páálí bàbá yín, kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ: iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀gá méjì ni, ibi tí wọ́n sì ti tà á kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Bákan náà ni Atóka, ìwé ìròyìn alárànbarà ti Èkó tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn ní Yorùbá láti ìparí àwọn ọdún 1960. African Film náà wà, ìwé onífọ́tò tí akọni tó ń jẹ́ Lance Spearman máa ń jà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà àti sìgá. Àti Ikebe Super tí Wale Adenuga dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, níbi tí Papa Ajasco ti wá. Ìyàtọ̀ wọn sí ti Amẹ́ríkà ni pé kò sí ìwé tó to iye owó wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí olùtà àti olùrà bá jọ fẹnu kò sí ni iye rẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹni tó bá ní odidi ọdún kan láìsí nọ́ńbà tó já kúrò ní ohun tó wúlò ju ẹni tó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan káàkiri lọ. Ẹ má pín wọn fún ẹbí kí ẹ tó wádìí.

9. Ẹ wá iye tí wọ́n tà á, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é

Ẹnikẹ́ni lè kọ 5,000 dọ́là sára ìwé 5 dọ́là. Lórí eBay, ẹ mú kí ó fi kìkì àwọn tí wọ́n ti tà hàn yín. Heritage Auctions náà ní àkójọ iye tí ohun tó kọjá lọ́wọ́ wọn wọ̀. Ìwé iye owó tí Robert Overstreet bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ṣì ń jáde, ó dáa fún ìtọ́sọ́nà, àmọ́ ọjà máa ń sáré jù ú lọ. Ẹ rí i dájú pé ẹ ń fi ẹ̀dà yín wé èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá tiyín mu. Ẹni tó ní 2.0 kò gbọ́dọ̀ máa wo owó 9.4.

Ẹ lè fi ìwé ránṣẹ́ sí CGC, ilé iṣẹ́ kan ní Florida tó ti ń fún kọ́míìkì ní òṣùwọ̀n láti ọdún 2000. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á sì sé e mọ́ inú ike líle. Àkọlé búlúù jẹ́ ti ìwé tí wọn kò tún ṣe. Elése-àlùkò jẹ́ ti èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Ti ìfọwọ́sí tí aṣojú wọn fojú rí jẹ́ yẹ́lò. Owó ni wọ́n ń gbà fún gbogbo èyí, owó ìfìránṣẹ́ sì tún wà lọ́tọ̀, nítorí náà ìwé tí kò tó ọgọ́rùn-ún méjì dọ́là kò yẹ nírú ìnáwó bẹ́ẹ̀, ní èrò tèmi.

10. Ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ máa tà á

Ọ̀tá mẹ́ta ni: oòrùn, ọ̀rinrin àti kòkòrò. Oòrùn ń ṣá àwọ̀, ọ̀rinrin ń mú kí ìwé bu kí píìnì sì dógùn-ún, ikán kò sì mọ ìwé olówó iyebíye yàtọ̀ sí ìwé gbèsè. Ọ̀rá tó lágbára tó sì mọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní Mylar ló dára jù. Ọ̀rá lásán ṣeé lò, àmọ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ fi páálí pẹlẹbẹ tí kò ní ásíìdì tì í lẹ́yìn, nítorí páálí gbàrọgùdù ní ásíìdì, ó sì ń ràn mọ́ ìwé. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró nínú àpótí, kó fún díẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀.

Fún àwa tó wà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ẹ gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri tí òjò ń lù. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó ń bá bàtà tuntun wá, sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn nígbà òjò. Ẹ má fi kànfọ̀ há àárín wọn. Òórùn rẹ̀ ń wọ inú ìwé, olùrà á sì gbọ́ ọ kó tó ṣí i.

11. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò ní san iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, torí òun náà fẹ́ jèrè. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ní òun fẹ́ ra gbogbo páálí lápapọ̀ láìwò ó dáadáa, ẹ ṣíwọ́. Àwọn ilé gbàǹjo dáa fún ìwé ńlá. Wọ́n á yọ ìdá tiwọn, kí ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Àwọn kékeré, ẹ fúnra yín ta wọ́n lórí eBay, kí ẹ dì wọ́n pọ̀ ní mẹ́wàámẹ́wàá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, ewé àárín àti gbogbo àbùkù rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ẹ fi páálí líle méjì há a láàárín, kí ìlà inú páálí kan dábùú ti èkejì kó má baà ṣeé tẹ̀. Ẹ lẹ páálí mọ́ páálí, kí sẹ́lótéèpù má ṣe kan ẹnu ọ̀rá, nítorí ẹni tó bá ń já a lè fi fa ìwé ya. Ẹ fi ọ̀rá mìíràn bò ó nítorí òjò, kí ẹ san owó adójútòfò, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí ẹ máa fi tọpa rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní kántà.